Ṣé Kí Ọmọ Mi Jáwọ́ Nínú Ìṣirò?

(Àsọyé tí a sọ fún àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ ní ìpàdé ìdílé wa ní Ajibode)

 Pásítọ̀ wa àti àwọn àgbà ìjọ ni wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí, ẹ̀rín pa mí. Tíṣà Yorùbá ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ni pé ẹni tó gba F9 nínú ìṣirò ni wọ́n pè kó wá sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. F9 ni mo gbà, n óò sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí n tó jókòó.

Ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí ni ìròyìn tí a gbọ́ lórí rédíò ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọmọ tó bá fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ Arts ní ilé-ìwé gíga kò nílò kírẹ́díìtì nínú ìṣirò mọ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, kí n tó dé ibi tí mo máa ń jókòó nínú ìjọ, ìyá mẹ́ta ti dá mi dúró. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba ti fagi lé maths?" Èkejì ní ọmọ òun ti kó ìwé ìṣirò rẹ̀ fún ẹni tó ń ta àkàrà, pé kó máa fi wé e. Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìjọba sọ gan-an, nítorí ìròyìn tí a gbọ́ lẹ́nu ọlọ́kadà kì í sábà pé. Tẹ́lẹ̀, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì wa ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún, kí English àti ìṣirò sì wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ òfin, ìbáà jẹ́ èdè Yorùbá, ìbáà jẹ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ni ọmọ náà fẹ́ kọ́. Ìlànà tuntun ní kírẹ́díìtì márùn-ún náà ni, nínú àwọn iṣẹ́ tó bá ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu, kí English wà níbẹ̀, kó má sì ju ìjókòó méjì lọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, tàbí àwọn ẹ̀kọ́ bí ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ṣì gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì ìṣirò bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn ọmọ Arts ni wọ́n tú sílẹ̀. Ìdí tí mínísítà, Dókítà Tunji Alausa, sọ ni pé ó lé ní mílíọ̀nù méjì ọmọ tó ń ṣe ìdánwò JAMB lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń rí ààyè wọlé kò ju nǹkan bí 700,000 lọ.

Kò pẹ́ sí i, nínú oṣù kan náà, ilé-iṣẹ́ yìí tún jáde wá là á yé wa pé àwọn kò fagi lé ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì o. Gbogbo ọmọ, ti Arts, ti Commercial, ti Science, ni yóò ṣì fi orúkọ sílẹ̀ fún English àti ìṣirò nínú WAEC tàbí NECO, tí yóò sì jókòó ṣe é. Ìkéde àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn gbọ́. Ìkejì, ó dà bí ẹni pé iná ti lọ kí wọ́n tó kà á.

Nítorí náà, ọmọ tó bá délé tó ní, "Mọ́mì, mo ti jáwọ́ nínú maths", ẹ bi í pé èwo nínú rẹ̀. Ìṣirò gbogboogbò kò ṣeé já sílẹ̀. Further Mathematics ló ṣeé já sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá wù ló ń ṣe é. Bákan náà ló rí ní Ghana, níbi tí wọ́n ti ń pe ti gbogbo ọmọ ní Core Mathematics, tí wọ́n sì ń pe ti ẹni tó bá yàn án ní Elective. Àwọn ará wa tó ní ọmọ ní London pàápàá mọ̀ ọ́n: láti ọdún 2014, ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò GCSE tó sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ ní ilé-ìwé tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n á ní kó máa kọ́ ọ lọ títí yóò fi pé ọmọ ọdún 18. Ẹ wò ó pé kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí ń dà láàmú.

Ohun mìíràn tí ọmọ lè ṣe ni kó kúrò ní kíláàsì Science bọ́ sí Arts nítorí ìṣirò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, a óò padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n jíjáwọ́ kan wà tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan, òun ló sì wọ́pọ̀ jù: kí ọmọ máa jókòó nínú kíláàsì ìṣirò, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n kí ọkàn rẹ̀ ti jáde lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí ni tèmi.

Mo wọ SS1 ní ọdún 1988. A ní tíṣà ìṣirò kan nígbà náà tó mọ ìṣirò kọ́ dáadáa, tó máa ń fi ọsàn àti ìgbá kọ́ wa. Nígbà tí a parí SS1, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn, wọn kò sì fi ẹnì kankan rọ́pò rẹ̀. Odindi ọdún kan ní SS2, àkókò ìṣirò di àkókò tí à ń fi dirun fún ara wa. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí kì í ṣe ẹ̀bi tiwọn nìkan. Kò sí òbí kan ṣoṣo tó lọ béèrè. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ó sì gbà pé bí ọmọ bá ti wọ aṣọ ilé-ìwé jáde láàárọ̀, ẹ̀kọ́ ló lọ kọ́. Àwa ọmọ Arts wá fi ọ̀rọ̀ kan tu ara wa nínú, pé ọmọ Arts kò nílò maths. Mo gbà á gbọ́ pátápátá. Ó dùn ún gbọ́, kò sì ní iṣẹ́ kankan nínú.

Ní ọdún 1991, èsì jáde. Ti Yorùbá àti ti Bíbélì dára débi pé bàbá mi pa adìyẹ. Ìṣirò, F9. Ọdún tó tẹ̀lé e, máàkì JAMB mi tó, ṣùgbọ́n yunifásítì tí mo yàn ní kí n mú kírẹ́díìtì ìṣirò wá. Mo ṣe GCE, F9 tún ni. Ní 1993, ìbátan wa kan ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ń pè ní "special centre", níbi tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ. Mo sọ èyí níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn: mo san owó, mo sì lọ. Wọ́n fagi lé èsì gbogbo àwa tí a jókòó níbẹ̀, títí kan English tí mo lè gbà láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo 1994 ni mo fi bá ìyá mi ta èlùbọ́, n kò fẹ́ rí ìwé sójú. Ní 1995, kópà kan tó ń sìn ní àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Mo fi ìtìjú pamọ́, mo lọ jókòó láàrin àwọn ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́rin márùn-ún jù. Kò bẹ̀rẹ̀ láti SS3 o. Láti orí ìdá, èyí tí wọ́n ń kọ́ ní pírámárì, ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún yẹn fi parí, mo gba C6. Ní 1996 mo wọ yunifásítì láti lọ kọ́ Yorùbá. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo fi san gbèsè kíláàsì ọdún kan tí kò ní tíṣà.

Ẹ ó rí i nígbà náà ìdí tí mo fi jó nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìròyìn 2025. Ká ní òfin yìí wà ní 1991 ni, n bá ti parí yunifásítì ní 1996. Ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn èdè, tàbí orin, tàbí ìtàn, tí ó fẹ́ lọ kọ́ ọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi logarithm dí ọ̀nà mọ́ ọn. Mo dúró lórí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kó dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ijó, mo rántí kíláàsì wa ti SS2, ẹ̀rù sì bà mí. N óò sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìyá kan nínú ìjọ wa ń se àmàlà tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Ajibode yìí. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sílé mi ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn. SS2 ni ọmọ náà wà, kíláàsì Science. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ó ní Arts ni òun ń lọ."

Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mà, mo ti gbìyànjú. Orí mi kò gba maths ni."

"Kí lo fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú?"

"Nọ́ọ̀sì ni, mà."

Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyẹn náà ló ń yà mí lẹ́nu. Ta ló ń fi maths gún abẹ́rẹ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé ẹ ti sọ irú rẹ̀ rí. Mo fi ìwé kékeré kan ṣàlàyé fún wọn. Bí dókítà bá ní kí wọ́n fún aláìsàn ní mílígíráàmù 75, tí ìgò oògùn sì jẹ́ mílígíráàmù 100 nínú mílílítà 2, mélòó ni nọ́ọ̀sì yóò fà? Mílílítà kan àbọ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò fa méjèèjì. Bí ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bá jẹ́ ọmọ yín ńkọ́? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílò kírẹ́díìtì nínú English, ìṣirò, Biology, Chemistry àti Physics. Ọmọ tó bá sá fún ìṣirò lọ sí Arts, kì í ṣe ìṣirò nìkan ló fi sílẹ̀, ó fi Physics àti Chemistry sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà yẹn ti dí nìyẹn, òfin tuntun kò sì ṣí i.

Ní ìwé Lúùkù orí kẹrìnlá, Olúwa wa sọ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́, pé ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an, kí àwọn ènìyàn má baà fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ilé bá dúró láàbọ̀. A máa ń fi ẹsẹ̀ yìí wàásù nípa ọmọ-ẹ̀yìn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé jíjókòó ni ọkùnrin náà jókòó. Ọmọbìnrin yìí kò tíì jókòó ṣírò ohunkóhun. Ẹ̀rù ló ń bà á, ìtìjú ń mú un, ó sì gbọ́ ìròyìn lórí rédíò.

Mo ní kó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Èmi kì í ṣe tíṣà ìṣirò, ṣùgbọ́n mo mọ bí ìwé ọmọ tó sọ ìrètí nù ṣe máa ń rí. Mo ka ojú-ìwé bíi mẹ́wàá, mo sì rí i pé ohun kan náà ni tíṣà ń fa pupa sí. Níbikíbi tí àmì ìyọkúrò bá ti wà níwájú àkámọ́, ọmọ yìí á ṣì í. Bí wọ́n bá kọ 7 − (x − 3), yóò kọ 7 − x − 3. Gbogbo yòókù tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdáhùn kò lè tọ̀nà mọ́. Láti JSS ni ihò yìí ti wà nínú ìmọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi hàn án, máàkì odo ni wọ́n kàn ń fún un. Ó wá parí èrò sí pé orí òun ni kò dára.

Ẹ wá gbọ́ bí Olúwa ṣe yọ wá. Ìyá ìyá rẹ̀ ń ta obì ní ọjà Ọ̀jọ́ọ̀, ó sì wá kí wọn lọ́jọ́ Sátidé kan tí mo wà níbẹ̀. Kò kàwé rárá. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, bí obì bá jẹ́ 185, báwo lẹ ṣe ń kà á?" Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Igba ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Mo ní kí ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀. Igba ni 200. Ó dín, àmì ìyọkúrò nìyẹn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá mọ̀ pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fúnra rẹ̀, márùn-ún dín ní ogún ni. Nítorí náà, ohun tí ìyá àgbà sọ ni 200 − (20 − 5). Mo ní kó tú àkámọ́ náà bó ṣe máa ń tú u. Ó kọ 200 − 20 − 5, ó sì dáhùn 175.

Ìyá àgbà ní, "Níbo ni obì mẹ́wàá mi wọlé sí?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ìwé. Bí o bá yọ odindi ogún kúrò nínú igba, o ti yọ jù, nítorí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tó ogún. O gbọ́dọ̀ dá márùn-ún padà fún ìyá àgbà. 200 − 20 + 5, 185 gééré. Ó pa àmì tó kọ rẹ́, ó sì fi ìròpọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ti wà ní ilé-ìwé láti ọdún mẹ́wàá, ìyá àgbà tí kò mọ A ló kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń pè ní pé ìyọkúrò nínú ìyọkúrò di ìròpọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé ìṣirò jẹ́ ohun àjèjì sí wa. Ẹni tó bá lè ka owó ní Yorùbá, ìyọkúrò ló ń ṣe láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

N kò sọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo yìí sọ ọ́ di ọ̀gbọ́ńtarìgì o. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kó fún mi ní tẹ́ẹ̀mù kan, kó máa wá sí gbọ̀ngàn ìjọ ní Sátidé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Yunifásítì Ìbàdàn tó ń jọ́sìn pẹ̀lú wa gbà láti máa kọ́ wọn láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀rẹ́ ọmọ yìí kan bá a wá, òun náà ń ṣe Science. Ní tẹ́ẹ̀mù kìíní, 28 ni ọmọbìnrin wa gbà. Ní tẹ́ẹ̀mù kejì, 49. Ó sunkún nítorí máàkì kan yẹn, ìyá rẹ̀ sì ń jó ní tirẹ̀. Ó ṣì wà ní Science.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba 57, ó sì lọ sí Arts. Àwọn kan bínú sí mi lórí èyí. Bàbá ọmọ náà ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin lẹ tún wá ràn án lọ́wọ́ láti lọ ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó lọ." Ọmọ yẹn máa ń kọ eré onítàn, òun ló kọ eré Àjíǹde tí a ṣe nínú ìjọ yìí. Science tó wà tẹ́lẹ̀, bàbá rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ti wá mọ̀ pé òun lè ṣe ìṣirò, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì yan ohun mìíràn. Ẹni tó lọ báyìí kò sá. Òun gan-an ni òfin tuntun yẹn wà fún.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún fẹnu kan yín díẹ̀. Ọ̀kan nínú yín fi dandan mú ọmọkùnrin rẹ̀ ṣe Further Maths nítorí ó fẹ́ kó di ẹnjiníà. Ọmọ náà kò sùn mọ́. Further Maths ń gba àkókò tó yẹ kó fi ka Physics, ìṣirò gbogboogbò tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n já a sílẹ̀", bàbá ní ojo ni. Nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ara ọmọ balẹ̀, ìwé rẹ̀ sì tún gún. Further Maths dára fún ẹni tó bá ní agbára rẹ̀, ó sì máa ń ran ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lọ́wọ́ tó bá dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogboogbò, Physics àti Chemistry ni ìpìlẹ̀ tí ẹnjiníà kò lè ṣe aláìní, kò sì yẹ kí a fi àfikún ba ìpìlẹ̀ jẹ́.

Bí ọmọ bá wá ti pinnu láti lọ sí Arts, kí ni kó ṣe nípa ìṣirò tó ṣì gbọ́dọ̀ jókòó ṣe? Kó má fi ìwé sílẹ̀ lófo. Ìbéèrè 50 ni wọ́n ń fi ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin sí nínú ìwé kìíní ti WAEC. Nínú ìwé kejì, ìbéèrè márùn-ún àkọ́kọ́ ni ọ̀ranyàn, máàkì 40 ló sì wà lórí wọn. Lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò yan márùn-ún tó bá wù ú fún máàkì 60. Yíyan yẹn ni ẹ̀yin ọmọ kì í lò dáadáa. Ọmọ tó bá kọ́ sets, statistics, àti wíwọn ilẹ̀ àti àgbá kúnná, kódà bí trigonometry bá ń dà á láàmú, ó ní ohun tí yóò yàn. A kò mọ ohun tí ọkàn ènìyàn yóò fẹ́ ní ọmọ ọdún 25. Mo mọ ẹni tó kọ́ Arts, tó wá fẹ́ kọ́ ìṣirò owó lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bí kírẹ́díìtì bá ti wà nílẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ẹ tún yẹ ìwé ìtọ́nisọ́nà JAMB wò, èyí tí wọ́n ń pè ní IBASS lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo orúkọ ilé-ìwé náà àti iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ gan-an, nítorí ohun tí wọ́n ń béèrè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ ṣe èyí ní SS1, bó pẹ́ tó, ìbẹ̀rẹ̀ SS2. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí fọ́ọ̀mù WAEC bá jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bi mí pé kí ni ìṣirò wúlò fún ní Ajibode, ẹ má gbàgbé ilẹ̀. Oko ni ibi gbogbo yìí tẹ́lẹ̀, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ báyìí. Ẹnì kan láàrin wa ra plọ́ọ̀tì tí wọ́n ní ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, 45 sí 90 ni. Ó ní márùn-ún àti mẹ́wàá péré ló dín, pé kò tó ìjà. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní JSS3 ló ṣírò rẹ̀ fún un: 5,000 ló sanwó fún, 4,050 ló gbà. Ìdá kan nínú márùn-ún ilẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó pé, ló ti lọ.

Mo ní n óò sọ ohun tó bà mí lẹ́rù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, WAEC kọ́kọ́ kéde pé ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú English àti ìṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe ṣe máàkì, wọ́n tún un ṣe, ó sì di 62.96. Kódà nínú èyí tí wọ́n tún ṣe, nínú ọmọ mẹ́ta, ó lé ní ẹnì kan tí kò ní in. Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi ni pé, àwọn wo ni? Ọmọ ilé-ìwé aládàáni tó ní tíṣà ìṣirò méjì àti tíṣà ilé, òun yóò pinnu bóyá òun fẹ́ ìṣirò tàbí òun kò fẹ́. Ọmọ tiwa tí kò ní tíṣà rárá kò pinnu nǹkan kan, àwọn àgbà ti bá a pinnu. Mo ń bẹ̀rù pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé abúlé, wọn yóò wí báyìí pé ṣebí ìjọba ti ní ọmọ Arts kò nílò rẹ̀, kí tíṣà kan ṣoṣo tó wà máa kọ́ Science nìkan. Kíláàsì wa ti 1989 yóò sì tún padà wá, ti ìsinsìnyí á wá ní àwáwí lẹ́yìn.

Ó sì ń dùn mí nítorí ibi tí a wà. Yunifásítì Ìbàdàn ló fara ti abúlé wa yìí. Ibẹ̀ ni Chike Obi ti kọ́ àwọn ènìyàn, ẹni tó kọ́kọ́ gba oyè dókítà nínú ìṣirò nínú gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adegoke Olubummo, ọmọ Èkìtì, ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin kan láti Warri, Grace Alele-Williams, ti kọ́ ìṣirò nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é ní University College. Ó gba oyè dókítà ní Chicago ní 1963, nígbà tó sì di 1985 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà. Ìwọ̀nba ọgbà kan ló wà láàrin ibi tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ àti ibi tí ọmọ wa ti ń sọ pé orí òun kò gbà á.

Kí a má wulẹ̀ gbàdúrà nìkan lórí èyí. Bí ọmọ yín bá délé lónìí, ẹ bi í pé, "Ta ló ń kọ́ yín ní ìṣirò? Ìgbà wo ló wọ kíláàsì yín gbẹ̀yìn?" Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé rẹ̀. Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò sí iṣẹ́ tuntun, ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má ṣe lọ bá tíṣà jà, ọ̀gá náà lè ti kọ̀wé títí kí ó rẹ̀ ẹ́. Àjọ TESCOM ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń gba tíṣà fún àwọn sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba, ìwé tí òbí púpọ̀ bá fọwọ́ sí yàtọ̀ sí ìwé tí ọ̀gá ilé-ìwé nìkan kọ.

A ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: a ní tíṣà ìṣirò kan ṣoṣo, kíláàsì SS mẹ́sàn-án ló ń dúró dè é, a sì fẹ́ kí ọmọ Arts náà rí i kọ́. Ó wà lọ́wọ́ mi níbí. Òbí mọ́kànlá ti fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, a óò gbé e lọ, bọ́ọ̀sì yóò gbéra láti iwájú ìjọ. Bíró wà lórí tábìlì yẹn.